Ta Ni Yóò Ṣe Ará Mápó?

Ọ̀rọ̀ kan ti di òfin lẹ́nu àwa ará ìgboro Ìbàdàn: ṣọ́jà kì í ṣe ẹni à ń bá ṣeré. Bí ẹnikẹ́ni bá dábàá pé ó yẹ kí aráàlú máa yọ̀ǹda ara wọn níbi ìdánrawò ogun ìgboro, kí wọ́n ṣe ọlọ́jà, kí wọ́n ṣe aláìsàn, kí wọ́n ṣe ọ̀daràn tó sá wọ àárín èrò, kí ṣọ́jà lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ níbi tí ènìyàn ń gbé, èsì tí yóò gbà kò ní pẹ́ rárá. Wọn á ní orí onítọ̀hún kò pé. Wọn á ní ebi ló ń pa á. Àwọn tó kàwé láàárín wa á fi tiwọn kún un: wọn á ní ẹni tó bá ran ṣọ́jà lọ́wọ́ láti kọ́ ogun ìgboro, bí wọn yóò ṣe borí òun náà lọ́la ló ń kọ́ wọn.

Mo ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, n kò sì gba ọ̀kan nínú rẹ̀. Ohun tí èmi ń sọ ni pé bí aráàlú kò bá sí níbi tí ṣọ́jà ti ń kọ́ṣẹ́, ara aráàlú náà ni ṣọ́jà yóò ti wá kọ́ ọ lọ́jọ́ tí ọta gidi bá wà nínú ìbọn. Bí ìlú kan bá sì wà nílẹ̀ Yorùbá tó yẹ kó mọ èyí ṣáájú àwọn tó kù, ìgboro Ìbàdàn ni, lábẹ́ òkè Mápó.

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń bú iṣẹ́ yìí kò mọ bó ṣe rí. Ní ìpínlẹ̀ North Carolina ní Amẹ́ríkà, kò sí ọmọ ogun tó lè wọ ẹgbẹ́ Special Forces láìla ìdánrawò kan kọjá tí wọ́n ń pè ní Robin Sage. Wọ́n á sọ àwọn abúlé àti ìlú kéékèèké agbègbè náà di orílẹ̀-èdè kan tí kò sí láyé, Pineland. Àwọn ará ibẹ̀ gan-an ló ń yọ̀ǹda ara wọn: ẹnìkan á fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé wọn, ẹnìkan á fi wọ́n pamọ́ sínú abà, ẹnìkan á ṣe alágbára àdúgbò tó ń bá wọn ṣe àdéhùn. Ọmọ ogun tí kò bá mọ bí a ti ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ yóò rí i pé ilẹ̀kùn ń tì mọ́ òun lójú. Ní Fort Irwin ní California, owó ni wọ́n ń san. Nígbà ogun Ìráàkì, wọ́n kọ́ ìlú àfarawé sínú aṣálẹ̀ ibẹ̀, wọ́n sì gba àwọn ọmọ Ìráàkì tó ti ń gbé Amẹ́ríkà pé kí wọ́n wá ṣe olórí ìlú, ìmáàmù àti ọlọ́jà. Wọ́n ń gba aráàlú bẹ́ẹ̀ ní Hohenfels ní Jámánì pẹ̀lú.

Ìbọn tí wọ́n ń lò níbẹ̀ ń dún lásán ni. Ìmọ́lẹ̀ laser ló ń sọ ẹni tó kú. Ẹni tó ń kópa ní ìtàn tirẹ̀ tí wọ́n kọ lé e lọ́wọ́: o jẹ́ ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, ọkọ rẹ kò wálé láti àná, o kò gbọ́ èdè ṣọ́jà, ẹ̀rù wọn sì ń bà ọ́. Iṣẹ́ rẹ ni kí o máa ṣe bí ẹni bẹ́ẹ̀ yóò ti ṣe, kí ṣọ́jà ọmọ ogún ọdún tó dúró níwájú rẹ lè mọ̀ bóyá òun yóò fara balẹ̀ gbọ́ ọ tàbí òun yóò fi ìdí ìbọn tì ọ́ ṣubú.

Ìtàn Stanford ní Norfolk, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló máa ń ká mi lára jù. Ní ọdún 1942, nígbà ogun Hitler, ìjọba kó àwọn ará abúlé ibẹ̀ kúrò nílé bàbá wọn, kí àwọn ọmọ ogun lè rí ibi dánra wò. Wọn kò jẹ́ kí wọ́n padà mọ́ títí dòní. Ọdún lé ọdún, ṣọ́jà Gẹ̀ẹ́sì ń fi òfìfo ilé kọ́ ogun. Nígbà tó di 2009, tí Afghanistan ti fojú wọn rí màbo, ilẹ̀ Stanford kan náà ni wọ́n kọ́ abúlé Afghanistan sí, wọ́n sì ń fi owó wá àwọn ọmọ Afghanistan tó wà nílùú wọn pé kí wọ́n wá máa rìn nínú rẹ̀, kí wọ́n máa tajà, kí wọ́n máa pariwo. Àwọn tí apá tàbí ẹsẹ̀ wọn ti gé tẹ́lẹ̀ wá ṣe ẹni tí bọ́ǹbù ṣe léṣe. Ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin ló gbà wọ́n láti mọ̀ pé ilé nìkan kọ́ ló ń jẹ́ ìlú. Ǹjẹ́ ó yẹ kí ó gba tiwa tó bẹ́ẹ̀?

Ẹ wá wo ìgboro wa. Gbọ̀ngàn Mápó tí wọ́n ṣí ní 1929 wà lórí òkè, ó ń wo Ọjà'ba, Bẹẹrẹ, Bẹyẹrúnkà àti Ìdí-Arẹrẹ láti òkè wá. Ẹni tó bá dúró níbẹ̀ yóò rí òrùlé páànù tó so kọ́ra títí ojú kò fi ní tó o mọ́. Ohun tí kò ní rí ni ọ̀nà. Ẹ̀yìnkùlé ilé kan ni ojúde ilé kejì. Àlàfo tó wà láàárín àwọn ilé mìíràn kò ju ibi tí ènìyàn méjì lè gbà bí wọ́n bá fẹ̀gbẹ́ rìn. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń dáná, ibẹ̀ ni wọ́n ń sá aṣọ sí, ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni sàréè bàbá àgbà wà tí àwọn ọmọ ń jókòó lé jẹ̀kọ. Kò sí nọ́ńbà lára ilé tí yóò tọ́ àlejò sọ́nà. Orúkọ agbo-ilé la fi ń júwe, ẹni tí kò bá sì gbédè kò lè béèrè.

Ẹ fi ṣọ́jà kan síbẹ̀ lálẹ́, ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn wá, tí kò gbọ́ ju «ẹ kú iṣẹ́» lọ, tí wọ́n sọ fún pé adigunjalè tàbí agbésùnmọ̀mí kan sá wọ àdúgbò. Ohun àkọ́kọ́ tí iná tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ yóò bá ni ọdẹ tó ń ṣọ́ agbo-ilé, ìbọn ṣakabùlà lọ́wọ́, ìfúnpá lápá, àdó kéékèèké tí wọ́n fi ìda dí lẹ́nu lára gbérí ọdẹ rẹ̀. Lójú àwa, bàbá tó jẹ́ ká rí oorun sùn nìyẹn. Lójú ṣọ́jà náà ńkọ́? Bó bá tẹ̀síwájú díẹ̀, ó lè bá ibi tí wọ́n ta tapólì sí gbàgede, tí èrò pé jọ níbi àìsùn òkú tàbí Máólúùdì. Bó bá jẹ́ ìgbà eégún ni, yóò pàdé ọgọ́rọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń sáré tẹ̀lé eégún pẹ̀lú pàṣán, tí òógùn bo ojú wọn. Bí ìbọn bá wá dún, ohun tí àlejò á máa retí ni pé aráàlú á sá kúrò níbi tí ìró náà ti wá. Ní ìgboro Ìbàdàn, ìyá ọmọ á sáré lọ síbi tí ìró ti wá, nítorí pé ibẹ̀ lọmọ rẹ̀ wà, á máa ké orúkọ ọmọ náà lọ, ìborùn rẹ̀ á bọ́ sílẹ̀, kò sì ní dúró bí ẹnikẹ́ni bá ní kó dúró. Nígbà tí nǹkan olóró bú gbàmù ní Bódìjà lálẹ́ ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kìíní ọdún 2024, ẹ rántí bí èrò ṣe ya lọ síbẹ̀ láti gbé àwọn tó há sábẹ́ ilé tó wó. Bí a ti ń ṣe nìyẹn. Kò sí ilé òfìfo kan ní bárékè tó lè kọ́ ṣọ́jà ní èyí. Ènìyàn ló ń kọ́ ènìyàn.

Àwọn kan á ní àsọdùn ni mò ń sọ. Wọn ò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa yìnbọn ní Mápó. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1968, nígbà tí Ọ̀gágun Adéyínká Adébáyọ̀ jẹ́ gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn, àwọn àgbẹ̀ ya wọ ìlú, wọ́n kọrí sí gbọ̀ngàn náà nítorí owó orí. Wọ́n ní àwọn kò lè san ju ọgbọ̀n ṣílè lọ. Ìbọn ìjọba dún, ẹ̀mí lọ sí i. Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ Adájọ́ Ayọ̀ọlá dìde láti wádìí wàhálà náà, ṣùgbọ́n ìyẹn kò pa iná ọ̀tẹ̀ àwọn àgbẹ̀ náà, tí wọ́n ń pè ní Àgbẹ́kọ̀yà, ó di oṣù Kẹsàn-án 1969 tí wọ́n fọ́ ẹ̀wọ̀n Agodi kí nǹkan tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Mo gbà pé ọ̀rọ̀ owó orí àti ìwà ìrẹ́jẹ àwọn agbowó orí ló dá ogun yẹn sílẹ̀. Síbẹ̀, lójú ẹni tó di ìbọn mú níwájú Mápó lọ́jọ́ náà, kí ni àgbẹ̀ tó gbé àdá? Àdá ni àgbẹ̀ fi ń jẹun. Ta ló kọ́ ọ pé kì í ṣe gbogbo ẹni tó gbé àdá ló wá pa á?

Èyí tó sún mọ́ wa jù ni Tudun Biri ní ìpínlẹ̀ Kàdúná, lọ́jọ́ kẹta oṣù Kejìlá ọdún 2023. Àwọn ará abúlé pé jọ lóru, wọ́n ń ṣe Máólúùdì. Ọkọ̀ òfuurufú ológun tí kò ní awakọ̀ rọ̀jò bọ́ǹbù lé wọn lórí, àwọn tó kú sì lé ní ọgọ́rin. Àlàyé tí ilé-iṣẹ́ ológun ṣe ni pé àwọn ṣi bí èèyàn wọ̀nyẹn ṣe ń pé jọ túmọ̀, àwọn rò pé ìṣe àwọn agbébọn ni. Olórí ọmọ ogun ilẹ̀ nígbà náà, Ọ̀gágun Taoreed Lagbaja, lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn. N kò sọ pé aráàlú tó ń kópa nínú ìdánrawò lè dá bọ́ǹbù dúró lófuurufú. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tí kò tíì rí Máólúùdì rí, tí kò tíì jókòó sínú rẹ̀ rí, kò lè mọ̀ ọ́n bó bá rí i láti òkè. Àwọn ará abúlé yẹn kò ṣe nǹkan kan tí a kì í ṣe ní Ọjà'ba.

Mo fẹ́ dáhùn àtakò àwọn ọ̀mọ̀wé wa tọkàntọkàn, nítorí òun ló lágbára jù, àwọn tó ń sọ ọ́ sì ní ìdí. Wọ́n ní: ológun tó yìnbọn ní Lẹ́kì, òun lẹ fẹ́ lọ ràn lọ́wọ́? Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kẹwàá ọdún 2020 ni ilé-iṣẹ́ ológun kéde pé ìdánrawò Crocodile Smile yóò bẹ̀rẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè ní ogúnjọ́ oṣù náà. Wọ́n ní kò ní nǹkan í ṣe pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ tó ń wọ́de EndSARS. Alẹ́ ogúnjọ́ náà gan-an ni ṣọ́jà dé too-gate Lẹ́kì. Nígbà tí ọ̀gá ológun kan wá jẹ́rìí níwájú ìgbìmọ̀ ìwádìí ìpínlẹ̀ Èkó, ó gbà pé ọta tó ń dún lásán àti ọta gidi ni wọ́n jọ kó lọ.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ìtàn yìí ń sọ dáadáa. Ọta ìdánrawò àti ọta gidi jọ wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ṣọ́jà kan náà, níwájú èrò tó jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú àsíá lọ́wọ́. Ṣé èyí kò fi hàn pé wọ́n ti ń fi wá dánra wò láìgbàṣẹ lọ́wọ́ wa? Àwọn tó ní kí aráàlú má lọ síbi ìdánrawò ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ó kù sọ́wọ́ wa láti lọ tàbí láti má lọ. A ti wà níbẹ̀. Ohun tí a kò ní ni àdéhùn, dókítà, owó iṣẹ́, àti ẹ̀tọ́ láti sọ pé ó tó.

Ní ti pé à ń kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe borí wa: kí ni ṣọ́jà kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ nípa bíborí wa? Ìbọn wà lọ́wọ́ wọn. Jíjá ilẹ̀kùn, wíwọ yàrá, pípín òpópónà sí méjì, gbogbo èyí ni wọ́n ń kọ́ ní Jaji láìsí àwa níbẹ̀, ilé òfìfo sì tó fún un. Ẹ̀kọ́ tí ilé òfìfo kò lè kọ́ wọn ni ẹni tí wọn kò gbọdọ̀ yìnbọn fún. Ẹ̀kọ́ ìkóra-ẹni-níjàánu nìkan ló wà lọ́wọ́ wa láti tà fún wọn, òun náà ló sì ń gba ẹ̀mí wa là. Bí ẹ bá wá ní wọ́n lè ti ibẹ̀ mọ gbogbo kọ̀rọ̀ Bẹyẹrúnkà, mo gbà pẹ̀lú yín lórí ìyẹn, ìdí sì nìyẹn tí n kò fi fẹ́ kí wọ́n wá dánra wò nínú Mápó. Bárékè ni kó wà, nínú ilé tí wọ́n kọ́ fún un. Ìwà wa ni ká gbé lọ, ká fi àwòrán ilẹ̀ wa sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn tó ní ẹni tó bá ṣe òkú lónìí ń pe ikú, èmi kò ní fi wọ́n ṣẹ̀sín, nítorí ìyá tó tọ́ mi náà yóò sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n gbàgbé ohun tí Yorùbá fúnra wọn ń ṣe. Ní Èjìgbò, nílẹ̀ Ọ̀ṣun, níbi ọdún Òrìṣà Ògìyán, àwọn ará àdúgbò méjì máa ń fi àtòrí na ara wọn lọ́dọọdún. Orúkọ ọ̀kan nínú àdúgbò méjèèjì ni Òkè Mápó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Mápó tiwọn yàtọ̀ sí tiwa. Ìtàn tí Pierre Verger kọ sílẹ̀ nípa rẹ̀ ni pé ọ̀rẹ́ ọba kan, babaláwo, wá kí ọba, ó sì pe orúkọ rẹ̀ láìfi oyè kún un. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ọba kò béèrè ẹni tó jẹ́. Wọ́n lù ú bí ẹni máa kú, wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n. Ojú ọ̀run sé, òjò kò rọ̀, obìnrin kò bímọ. Nígbà tí ọba mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó tọrọ àforíjì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ní kí àwọn ará ìlú máa fi àtòrí na ara wọn lọ́dọọdún. Ìyẹn ni pé àṣìṣe àwọn tó ń ṣọ́ ìlú ló bí ọdún náà, wọ́n sì yàn láti máa ṣe é lójú gbogbo ayé, pẹ̀lú ọ̀pá tí kì í pani, kí ẹnikẹ́ni má baà gbàgbé. Wọn kò rò pé wọ́n ń pe ibi wá. Ètùtù ni wọ́n kà á sí.

Àwọn tó ní iṣẹ́ òṣì ni, èmi kò ní pẹ́ lórí wọn. Ẹni tó bá ń ṣe apààyàn nínú fíìmù Yorùbá, à ń sanwó wò ó.

Mo mọ ibi tí ewu gidi wà, kì í ṣe ibi tí wọ́n ń tọ́ka sí. Ní oṣù Kejì ọdún 2002, níbi Robin Sage tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, aráàlú kan tó yọ̀ǹda ara rẹ̀ ń wa ọkọ̀ lọ, ó gbé ọmọ ogun méjì tó wọ aṣọ ilé. Agbófinró àdúgbò kan dá wọn dúró. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ìdánrawò ń lọ, àwọn ọmọ ogun náà sì rò pé òun pẹ̀lú ń kópa. Wọ́n fẹ́ gba ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yìnbọn lù wọ́n, ọ̀kan kú, èkejì fara gbọgbẹ́. Ẹni kan ṣoṣo tí wọn kò fi ọ̀rọ̀ tó létí ló fa ikú yẹn.

Ìdí rèé tí ọ̀rọ̀ tí ilé-iṣẹ́ ológun máa ń kéde fún wa, pé kí aráàlú má fòyà bí wọ́n bá rí ọkọ̀ ológun tàbí gbọ́ ìró ìbọn torí pé ìdánrawò ni, kò tó nǹkan kan. Mélòó nínú àwọn tó ń ta àgbo ní Ọjà'ba ló ń ka ìkéde bẹ́ẹ̀? Ọlọ́pàá teṣan, ọlọ́dẹ orí títì, Mógàjí agbo-ilé, ìyálọ́jà, gbogbo wọn ló yẹ kó mọ̀ ṣáájú, lẹ́nu ẹni tí wọ́n mọ̀, ní èdè tí wọ́n gbọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ kópa gbọ́dọ̀ ti pé ọmọ ọdún méjìdínlógún. Kí wọ́n bá a kọ ìwé àdéhùn, kí wọ́n san owó ọjọ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ètò adójútòfò wà fún un, kí dókítà wà nítòsí. Kí wọ́n yẹ gbogbo ìbọn wò níṣojú àwọn tó ń kópa kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ọta gidi má sì sí nítòsí ibẹ̀ rárá. Kí ọ̀rọ̀ kan wà tó jẹ́ pé bí ẹnikẹ́ni bá pè é, ohun gbogbo á dúró.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù lójú tèmi máa ń wáyé lẹ́yìn gbogbo rẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ń ṣe irú nǹkan báyìí dáadáa, wọ́n máa ń jókòó lẹ́yìn ìdánrawò láti yẹ ohun tó ṣẹlẹ̀ wò. Kí aráàlú wà nínú ìjókòó yẹn, kí wọ́n sì fún un láyè láti sọ̀rọ̀. Kí ìyá tó ṣe ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta dìde níwájú kápítéènì, kí ó sọ fún un ní Yorùbá, kí ògbufọ̀ máa túmọ̀: «Nígbà tí mo na ọwọ́ báyìí, ọmọ mi ni mò ń nà án sí. Ìwọ rò pé ìbọn rẹ ni mo fẹ́ gbà. O ti pa mí.» Mo fẹ́ kí ọ̀dọ́mọkùnrin tó yìnbọn náà jókòó níbẹ̀, kó gbọ́ ọ, kó sì wo ojú obìnrin náà tó ṣì wà láàyè. Ibo ni a ti ń bá ṣọ́jà sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ báyìí tí a óò lọ sílé láìfarapa?

Ẹ sì má sọ fún mi pé àárín ṣọ́jà àti aráàlú ti jìn síra láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ní Ìbàdàn. Ibùdó ogun ni ìlú yìí fi bẹ̀rẹ̀. Ní ìgbà Ìbíkúnlé àti Látóòsà, agbo-ilé jagunjagun ni àgbẹ̀, alágbẹ̀dẹ àti aláró jọ ń gbé. Ẹni tó lọ sógun Kírìjì lónìí ni àwọn ará ilé rẹ̀ bá jẹ iṣu lánàá. Ìgbà tí Captain Bower dé ní 1893 gẹ́gẹ́ bí ajẹ́lẹ̀ ni wọ́n gbé ẹ̀ṣọ́ tí kò bá ìlú tan kalẹ̀ tì wá, ìjọba òyìnbó sì mọ ohun tó ń ṣe: ẹni tí kò mọ̀ ọ́ kò ní ronú lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbọ́ àṣẹ. Àlàfo yẹn ni a jogún, òun la wá ń pè ní ọgbọ́n báyìí nígbà tí a bá ní ká jìnnà sí ṣọ́jà.

Òdógbó ni olú-iṣẹ́ Ẹ̀ka Kejì ọmọ ogun wà, nínú ìlú wa níbí. Ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ Gúúsù-Ìlà-Oòrùn Ìbàdàn wà ní Mápó. Nígbà mìíràn tí Òdógbó bá fẹ́ ṣe ìdánrawò ogun ìgboro, kí wọ́n kọ ìwé sí Mápó, kí wọ́n béèrè àwọn tó máa wá, kí Mápó sì pe àwọn Mógàjí àti ìyálọ́jà jókòó kí wọ́n fún wọn lórúkọ ènìyàn: ọdẹ kan pẹ̀lú ṣakabùlà rẹ̀, ẹlẹ́wé ọmọ kan láti Ọjà'ba, ọlọ́kadà kan láti Bẹẹrẹ, ìyá arúgbó kan tí etí rẹ̀ ti di. Èmi ti ṣetán láti fi orúkọ tèmi kún un.